Géètì Tí Salmah Ru Sìmẹ́ǹtì Rẹ̀

Ìrẹsì ni Salmah ń tà. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ló gba yàrá kan nílé Bádéjọ ní Mowe, ó sì ń lọ sí Ọ̀fàdà láràárọ̀ láti fi ẹ̀rọ bó ìrẹsì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣí géètì ẹsitéètì títí aago mẹ́fà á fi lù. Kí Salmah tó dé, àwọn mìíràn ti gba iwájú, ọjà á sì ti tú kó tó kàn án. Kò bẹ ẹnikẹ́ni fún ohun mìíràn ju kí wọ́n ṣí géètì ní aago márùn-ún.

Tíṣà ìtàn ni Bádéjọ kó tó fẹ̀yìn tì. Bí Salmah bá ń ṣa òkúta inú ìrẹsì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, òun a máa sọ̀rọ̀. Ó sọ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan. Òdìkejì òkun ni wọ́n ti ń ṣòfin fún wọn, kò sì sí ẹnìkan wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn ọlọ́gbọ́n Yúróòpù sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ẹni tí a bí mọ́ adé, pé Ọlọ́run ló fún kálukú ní ẹ̀mí àti òmìnira rẹ̀. Ọba ò ju ọlọ́dẹ tí ìlú gbà sẹ́nu ọ̀nà. Bí ọlọ́dẹ bá dolè, kí wọ́n lé e. Ni àwọn ará Amẹ́ríkà bá kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn, wọ́n bá ọba jagun, wọ́n sì ya kúrò.

Salmah gbọ́wọ́ kúrò nínú ìrẹsì. "Tíṣà, ìyẹn ni pé ẹni tí wọn ò bi léèrè, òfin ò mú un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Orí rẹ pé ju ti àwọn ọmọ tí mo kọ́ lọ."

Òpópónà wọn ló wà lẹ́yìn pátápátá, àwọn alákòóso ẹsitéètì kì í pè wọ́n sípàdé. Bádéjọ ní kí wọ́n ya kúrò, kí wọ́n mọ géètì tiwọn sí ọ̀nà ẹ̀yìn. Àwọn onílé yòókù ń fòyà. Salmah ló ń ti ojúlé dé ojúlé, tó ń sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ fún wọn. Nígbà tí àwọn alákòóso rán ọmọ-ìta wá dá iṣẹ́ dúró, òun ló jókòó lórí iyanrìn tí kò dìde. Wọ́n fi pákó gbá a léjìká. Láti ọjọ́ náà, apá ọ̀tún rẹ̀ ò gòkè mọ́. Apá òsì ló fi di sìmẹ́ǹtì mú lórí títí òpó méjèèjì fi dúró.

Wọ́n fi Bádéjọ ṣe alága. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ aago tí wọn yóò máa ṣí géètì nípàdé, Salmah nawọ́ òsì fún aago márùn-ún. Onílé kan bi í bóyá bàbá rẹ̀ ló ń na ọwọ́ òsì sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀," ni Bádéjọ wí. "Ayálégbé kì í dìbò."

"Ẹ ní kálukú ni Ọlọ́run fún, sà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn onílẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kó dìbò. Òmíràn nínú wọn ní ẹrú nílé bó ṣe ń kọ ọ́."

"Àwọn tí ò nílẹ̀ ńkọ́? Wọn ò bá wọn jagun ni?"

"Wọ́n jà dáadáa."

"Kí ni wọ́n wá fún wọn?"

"Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé."

Wọ́n fẹnu kò sí aago mẹ́fà, nítorí olè. Salmah ní òun ò fọwọ́ sí i. Bádéjọ ní ó ti fọwọ́ sí i: ẹni tó bá ń gbé inú ìlú ti gba òfin ìlú, ìwé sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn, ọ̀nà ṣí.

Salmah rí yàrá sí Ọ̀fàdà. Ó kó ẹrù àti àpò ìrẹsì sórí ọmọlanke. Àbdùlláhì, ọlọ́dẹ wọn, dá a dúró lẹ́nu géètì. Ní gbogbo àdúgbò yẹn, ayálégbé kì í kẹ́rù jáde láìsí ìwé alága, kó má baà kó ti ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀. Àbdùlláhì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Salmah padà sílé, oúnjẹ ló bá níwájú Bádéjọ. Ó ní alága kì í dá fọwọ́ síwèé bí ọba; ó di ọjọ́ Sátidé tí àwọn onílé bá jókòó. Yàrá rẹ̀ ńkọ́? Ẹlòmíràn ti gbà á láàárọ̀ yẹn.

"Níbo wá ni kí n wà, Tíṣà?"

"Èmi ò lé ọ. Ìfẹ́ inú rẹ lo bá lọ."

Òjò dé lọ́sàn-án. Salmah fi ìborùn rẹ̀ bo àwọn àpò, kò ká wọn. Ìdí òpó géètì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré Àbdùlláhì, ló ń sùn. Nígbà tó fi máa di Sátidé, ìrẹsì ti ń rùn. Àwọn onílé fẹnu kò, wọ́n fọwọ́ síwèé.

Bádéjọ ní kó fi ìgbálẹ̀ gbá ìdí òpó tó jókòó sí kó tó lọ. Ọwọ́ òsì ló fi gbá a.