Eyín Òkè

Ọmọ mi kì í yan ẹni tó máa rẹ́rìn-ín sí. Ewúrẹ́ o, ọlọ́kadà o, ẹnikẹ́ni tó bá ti kọjá. Obìnrin tí a jọ ń gbé ilé l'Ógbómọ̀ṣọ́ kì í lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Takie láìkọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wa. Á ní ká gbé ọmọ wá kó fún òun ní tòun. Ọmọ á ya ẹnu sí i, òun náà á máa yọ̀ lọ sọ́jà. Ọkọ mi, tó ń tún fíríìjì ṣe, lè ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ìbínú. Bí ọmọ bá ti rẹ́rìn-ín sí i, a ò ní gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà mọ́. Òun ló ń fi fọ́tò ẹ̀rín yẹn sí Wásáàpù, tí àwọn ará ilé wọn ní Ọ̀yọ́ fi ń pè pé ìgbà wo la máa gbé ẹlẹ́rìn-ín àwọn wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń wẹ̀ ẹ́. Mo da omi sí i láyà, ó bú sẹ́rìn-ín, mo sì rí nǹkan funfun bí ìrẹsì lókè. Lókè o. Mo fi ìka wá ìsàlẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo jókòó ti bàsíà, ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí mi, mi ò lè rẹ́rìn-ín padà.

Ẹni tí àwọn àgbà ọ̀dọ̀ wa tọ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Eyín ìsàlẹ̀ ló ń ṣáájú. Ọmọ tí tòkè bá ṣáájú, wọ́n ní kò ní pẹ́ sin ọ̀kan nínú òbí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹnu mi mú lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ mi pé ìsọkúsọ ni. Nọ́ọ̀sì tó ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ náà ní kò sí nǹkan tó burú ńbẹ̀, bí tàwọn ọmọ mìíràn ṣe ń hù nìyẹn. Mo ní ẹ ṣeun, mà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kọ́ ló máa bá mi gbé e lọ sí Ọ̀yọ́.

Ọ̀yọ́ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe àdúà fún bàbá ọkọ mi tó ti dolóògbé, gbogbo ẹbí ló ń bọ̀. Nínú agbo ilé yẹn, ọkùnrin kan wà tó ti di baba ọmọ, síbẹ̀ Ẹlẹ́yín Òkè ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá kú níbẹ̀, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, arúgbó obìnrin kan tí kò sẹ́ni tó lè dá wọn lóhùn, ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Bí wọ́n bá fi lè rí eyín ọmọ mi, ó parí. Orúkọ ti dé nìyẹn, yóò sì bá a dàgbà. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé wọ́n ní ọmọ rẹ fẹ́ pa ọ́?

Nínú mọ́tò, mo gbá ọmọ mọ́ àyà, mo kọjú rẹ̀ sí ara mi. Ó ń yí ọrùn, ó ń wá ẹni tó máa yọ̀ mọ́. Ìyá kan ń ṣẹ́jú sí i, mo fi ìborùn bò ó. Ìyá náà béèrè bóyá ara ọmọ ò yá ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ò rí i? Mo ń fi ẹnu ara mi pe àìsàn sí ọmọ mi lára.

A ò tíì jókòó dáadáa nínú agbo ilé wọn, lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán, tí wọ́n ti ń nawọ́. Wọ́n ní kí n gbé e wá, kí àwọn rí ẹ̀rín tí àwọn ń wò nínú fóònù. Mo ní ọ̀fìnkìn ń yọ ọ́ lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tí ètè rẹ̀ bá ti fẹ́ là, ọmú ni mò ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó yó, ó tì í dànù, ó gbójú sókè wò mí. Kò mọ ohun tó ṣe fún mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi wá béèrè bóyá àwọn ò bímọ rí ni, tí mo fi ń fi ọmọ pamọ́ fún àwọn.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbà á. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń wo ọmọ: orí, etí, ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n fi ń tọ èrìgì rẹ̀ lọ. Mo rí i nígbà tí ìka náà dúró. Wọ́n ní ọmọ ti tọ̀, kí n tẹ̀ lé àwọn wọ yàrá ká pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Ọmọ ò tọ̀.

Wọ́n tilẹ̀kùn. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ.

"Òkè ni baba rẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n sọ.

Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ̀, títí kan bàbá ọkọ mi, síbẹ̀ bàbá náà rí ọmọ-ọmọ kó tó kú. Nígbà tí ọkọ mi wà lọ́mọ ọwọ́, gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ rẹ́rìn-ín níṣojú èèyàn, wọn á fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, títí tí tìsàlẹ̀ fi hù. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkọ mi, kò lè rẹ́rìn-ín kó má fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìtìjú ni mo pè é, mo tiẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ṣe bí ìyàwó tuntun.

"Ọwọ́ mi ló ṣì wà níbẹ̀ yẹn," ni wọ́n sọ. "Má fi tìẹ síbẹ̀."

Mo gbé ọmọ jáde. Mo gbé e lé ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi lẹ́sẹ̀, mo sì yọwọ́. Ó wò wọ́n, ó wò mí, bíi pé ó ń wò ó bóyá mo máa tún bò ó. Ó wá ya ẹnu sí wọn. Mo rí bí ojú arúgbó náà ṣe yí padà. Kí wọ́n tó fọhùn, ìyá ọkọ mi ti sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá, gbogbo ẹbí sì gbọ́.

"Bí ti baba rẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ, kó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ tèmi."

Ọkọ mi ti dìde lórí ẹní, ó ń wo ìyá rẹ̀. Ọmọ rí i láàárín èrò, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ sì ti bo ẹnu kó tó mọ̀.