Àpótí Bàbá Kasonso

Minza kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ọdún mẹ́jọ la fi jọ ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Sumbawanga sí Mpanda, èmi awakọ̀ bọ́ọ̀sì, òun obìnrin kọ̀ndọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, n kò sì rí ọjọ́ kan tó gba ẹrù lọ́wọ́ èrò láì kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Wọn ò bí ìwà yẹn mọ́ ọn. Lọ́dún kejì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkùnrin kan tọ́jú ẹran ìgbẹ́ sábẹ́ ìrẹsì nínú àpò, ó sì bọ́ọ́lẹ̀ kí àwọn aṣọ́gbó tó yẹ ọkọ̀ wò. Minza ni wọ́n tì mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta.

Inú igbó ìjọba ní Katavi ni ọ̀nà wa gbà kọjá. Àwọn àlejò olówó a máa fi bàálù kékeré balẹ̀ láàárín igbó. Àwọn tí agbára wọn ò tó bẹ́ẹ̀, àtàwa tá a nílé lódì kejì, bọ́ọ̀sì ni. Téèyàn bá ti wọ inú igbó yẹn, kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀. Erin ń bẹ, kìnnìún ń bẹ, eṣinṣin irù sì ń buni jẹ gba inú aṣọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Kibaoni, bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Kasonso wọlé pẹ̀lú àpótí pákó tó fi aṣọ tútù wé. Ó gbé e lé itan bí ọmọ tuntun.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé e sórí ọkọ̀," Minza ní.

"Rárá, ọmọ mi. Oòrùn á pa á."

"Oòrùn á pa kí ni?"

Bàbá yíjú sí fèrèsé. "Ohun tó wà nínú ẹ̀."

Minza bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn àpótí náà, ó sì wá pè mí níwájú. "Bàbá Doto, èéfín ló ń rùn. Ẹran yíyan ni."

"Ẹran yíyan wo ni oòrùn tún fẹ́ pa?"

"Ìwọ sáà máa wakọ̀. Ìwọ kọ́ ni wọ́n tì mọ́lé."

Nígbà tá a dé ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró lẹ́nu igbó, ẹrù orí ọkọ̀ nìkan ni aṣọ́gbó wò, ó sì ní ká máa lọ. Ìyẹn ló tún dá kún ìfura Minza. "Ẹ ò rí i? Kò wo àpótí yẹn rárá. Wọ́n mọ ara wọn ni!" Minza padà lọ síbi tí bàbá jókòó, ó gbé etí lé àpótí. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ó ń kùn! Nǹkan ẹlẹ́mìí ni!"

"Bóyá ọmọ kìnnìún," obìnrin kan tó gbé ẹja gbígbẹ ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Tàbí oògùn burúkú," ẹlòmíì dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ ṣí i."

"Ọmọ mi, tí mo bá ṣí i níbí, gbogbo wa la máa jìyà ẹ̀."

"Ẹ gbọ́! Ó tún ń halẹ̀ mọ́ wa!" Minza fa aṣọ náà. Koríko tí wọ́n fi dí ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tẹ̀ lé e jáde.

"Oyin!"

Mo tẹ bíréèkì. Àwọn kan gba ẹnu ọ̀nà, àwọn kan gba fèrèsé. Kò sẹ́ni tó rántí kìnnìún mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ aṣọ́gbó kan débẹ̀, aṣọ́gbó tó wà á, Mlela lorúkọ rẹ̀, sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. "Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀?" Kálukú ló ń fi aṣọ gbá orí ara rẹ̀.

Bàbá Kasonso nìkan ni kò sá. Ó gbé àpótí náà sábẹ́ igi kan, ó sì ní òun ò ní kúrò níbẹ̀. "Ìyá oyin ṣì wà nínú ilé wọn. Tó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á padà wọlé."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?" Minza bi í. Ojú rẹ̀ kan ti wú pa.

"Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni mo sọ fún. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé mi. Àwọn tó ń sun èédú ti gé gbogbo igi tí mo fi ń sin oyin. Èyí nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi."

 Minza yíjú sí mi. "Máa kó èrò lọ. Mo máa dúró tì í."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rò pé ó ti ronú pìwà dà. Ló bá sún mọ́ etí mi: "Ta ló mọ ohun tó wà lábẹ́ afárá oyin yẹn?"

Ẹnu Mlela ni mo ti gbọ́ ìyókù. Inú ọkọ̀ rẹ̀ làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Erin mẹ́rin kọjá, Minza ò wò wọ́n. Àpótí ló fi ojú kan tó kù ṣọ́. Bí oyin ṣe wọlé tán, ó ní kí bàbá gbé afárá sókè.

Inú bí Mlela. "Arábìnrin, ṣé tojú yìí ò tíì tó ọ ni?"

Ṣùgbọ́n bàbá ò jiyàn. Ó fín oyin náà léèéfín, ó sì fọwọ́ lásán yọ afárá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ìdí àpótí. Pákó lásán ni. Minza wò ó, ó pẹ́.

"Bàbá, ẹ má bínú."

"Ó ti tán, ọmọ mi. Jẹ́ ká lọ."

Mlela gbé wọn dé Sitalike, lọ́dọ̀ ọmọ bàbá náà obìnrin.

Lọ́sẹ̀ kejì, Minza ní kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ó wọlé lọ bá bàbá, ó pẹ́ kó tó jáde. Mo bi í bóyá bàbá ti dárí jì í.

"Wọ́n gbé òkèlè ugali àti ẹja síwájú mi," ó ní. "Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wá lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́."