Kútẹ́ẹ̀sì Pupa

Bí mo bá ti gbóòórùn kútẹ́ẹ̀sì, àbúrò màmá mi tó ń tún rédíò ṣe ní Ìjerò ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Á gbé ẹ̀yà ara rédíò sókè sí oòrùn, bí ẹni ń yẹ ẹyin wò. Èyí tó bá ní májèlé òjé nínú, á kán kútẹ́ẹ̀sì pupa sí i láti fi ṣe àmì ewu.

"Òjé kì í pariwo," ni yóò wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú àlá.

Lọ́jọ́ kan, màmá mi gbé ìkòkò tó ń jò lọ bá a, kó fi òjé tó fi ń lẹ wáyà dí i, bí gbogbo àdúgbò ti ń ṣe. Ó kọ̀ jálẹ̀.

"Kí ni mo wá fẹ́ fi se uṣu?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, inú egungun yín ni òjé yìí máa lọ jókòó sí."

Màmá mi bínú, ó lọ dí i níbòmíràn. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ yà kí wa, ó rí ojú òjé tó ń dán lára ìkòkò. Ó kán pupa sí i, ó bá tirẹ̀ lọ.

Òdòdó ni màmá mi gbìn sínú ìkòkò náà.

Àbúrò rẹ̀ ti papòdà. Bí oòrùn bá ti ń pa pupa yẹn rẹ́, màmá mi, tí kò kun èékánná rí, á ra kútẹ́ẹ̀sì lọ́jà, á tún un kùn.