Ìlù Rẹ́gẹ̀ Tí Wàsíù Fẹ́ràn

Mo gbọ́ ọmọ mi tó ti kú lónìí, nínú ṣọ́ọ̀bù kásẹ́ẹ̀tì kan ní Auburn Gresham, àdúgbò wa ní Chicago.

Orin rẹ́gẹ̀ tuntun ni wọ́n gbé sí i. Mi ò mọ olórin náà, ṣùgbọ́n ìlù tó wà lábẹ́ ohùn rẹ̀ ni Wàsíù ọmọ mi máa ń gbọ́ tó bá ń lọ aṣọ ní gbogbo Sátidé.

Mo sọ fún ará Jàmáíkà tó ń tajà pé mo mọ ìlù yẹn tipẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín. “Màmá, ìlù yẹn ò lè kú. Gbogbo olórin tuntun ló ń yá a lò.”

Ṣadé, ọmọ Wàsíù tí kò mọ bàbá rẹ̀ rárá, ti ń mi orí. Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń mì í gan-an nìyẹn.

“Grandma, ẹ jẹ́ ká rà á, please!”

Mo rà á. Nígbà tá a délé, Ṣadé ń bẹ̀ mí kí n tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé tí ìlù yẹn bá ti ń dún, ojú mi á máa wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé Wàsíù fẹ́ wọlé.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ máa tẹ̀ ẹ́?