Àdúrà Tó Dárúkọ Ọ̀nà

Ní Ṣábẹ̀ẹ́ tiwa, bí o bá ń gbàdúrà fún arìnrìn-àjò, o gbọ́dọ̀ dárúkọ ọ̀nà. Bó bá jẹ́ Boni tó wà nítòsí ló ń lọ, wọn á pe Boni. Bí ibi tó ń lọ bá jìn, wọn á ka àwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà títí dé ibẹ̀. Ìyá mi ní àdúrà tí kò bá mọ̀nà, ìdí ilé ni yóò jókòó sí.

Iṣẹ́ ológun ni mo ń ṣe ní Kutọnu, ní ẹ̀ka tó ń bá ọ̀tá jà lórí ẹ̀rọ. Ìyá mi ń sọ fáwọn aládùúgbò pé mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Tún kọ̀ǹpútà ṣe kẹ̀! Àwọn kan nínú wa ń ṣọ́ ẹ̀rọ àwọn ológun kí ọ̀tá má baà wọlé. Àwọn kan ń yọ́ wọ ti ọ̀tá. Iṣẹ́ tiwọn ò yé mi, wọn ò sì fẹ́ kó yé mi. Tèmi ni kí n máa ṣọ́ ohun tí aráyé ń sọ lórí fóònù, bóyá ẹnì kan ti tú àṣírí ibi táwọn ọmọ ogun wa wà. Ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a yanjú. Sẹ́ẹ̀fù, ìyẹn olórí ẹ̀ka wa, ni yóò sọ fún, sẹ́ẹ̀fù á sọ fún ọ̀gá àgbà, òun ló sì lè bá àwọn tó wà lójú ogun sọ̀rọ̀.

Mo gba ìsinmi wálé nígbà tí wọ́n ń ká kájú. Bí mo ṣe ń mu ògì lẹ́yìnkùlé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi nínú yàrá. Ó ń gbohùn àdúrà sílẹ̀ sínú fóònù fún àbúrò mi ọkùnrin, tó jẹ́ sójà lókè àríwá. Ó dárúkọ ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn yóò gbà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìlú dé ìlú. Mi ò ní dárúkọ ọ̀nà náà níbí. Mo gbé ògì sílẹ̀, mo sáré wọlé.

"Ìyá, ta lẹ fi ránṣẹ́ sí?"

"Gbogbo ẹbí tó wà nínú ẹgbẹ́ wa orí fóònù. Wọ́n ti ń ṣàmín."

Gbogbo ẹbí! Ará Nàìjíríà, ará Abijáànù, àna, ọ̀rẹ́ àna. Ẹnì kan tiẹ̀ ti fi ránṣẹ́ sáwọn ará ìjọ rẹ̀.

"Ta ló sọ ọ̀nà yẹn fún yín?"

"Àbúrò rẹ ni. Ṣé kí n máa gbàdúrà bí afọ́jú ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́."

"Kí n pa àdúrà ọmọ mi rẹ́? Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́. Bí mo bá dákẹ́, àwọn tó ń ba de sójà nínú igbó lè ti gbọ́, wọ́n á sì pa ọmọ ìyá mi. Bí mo bá sọ, wọ́n á bi mí ẹni tó tú ọ̀nà náà síta, iṣẹ́ tí àbúrò mi fẹ́ràn ju ohun gbogbo lọ á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo pe sẹ́ẹ̀fù, mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un.

"Ohùn ta ni?" ló bi mí.

"Ìyá mi ni, sẹ́ẹ̀fù."

"Ta ló sọ fún un?"

Mo sọ orúkọ àbúrò mi. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Iṣu tó gbé kaná jóná, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó pè mí pé ọkọ̀ náà kò kúrò ní bárékè. Bóyá ẹnì kan ba dè wọ́n, bóyá ẹnikẹ́ni ò ba dè wọ́n, wọn ò sọ fún mi títí dòní. Wọ́n ti àbúrò mi mọ́lé, lẹ́yìn náà wọ́n gba aṣọ ológun lára rẹ̀. Ó padà wálé, ó ń dáko. Bí mo bá wálé, kì í kí mi.

Nígbà tí mo fẹ́ padà sí Kutọnu lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìyá mi di ọwọ́ mi mú láti gbàdúrà. Ó dé ibi tó yẹ kó ti dárúkọ ọ̀nà, ó wò mí lójú, ó dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù mi ló ń bà á.

Àbúrò mi sọ̀rọ̀ látinú yàrá rẹ̀. Ó ní, "Dasà. Bohikọ́n. Àládà. Títí dé Kutọnu, kó dé ibẹ̀ láyọ̀."

Mo ṣe àmín.