Ìwé Ìfẹ́ Inú Garawa Ẹ̀wà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹ̀yìn táńkì omi ni àwa ọmọbìnrin agboolé wa ti máa ń ka ìwé ìfẹ́. Ilé wa ò jìnnà sí Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé dòní. Àwa márùn-ún ni: Sábítíyù, Ṣèfíátù, Múnírátù, Àlímọ̀ àti èmi. Fọ́tò àwọn ènìyàn gidi ló wà nínú ìwé náà, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn. Sábítíyù ló ń rà á ní Apọ́ngbọ̀n, òun náà ló ń kà á sókè, torí òun nìkan ló mọ̀wé dáadáa nínú wa. Ọmọbìnrin kan wà nínú ìtàn ọ̀hún tó ń dúró de àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní ibùdókọ̀ rélùwéè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi bá a dúró. A ò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà máa wá tàbí kò ní í wá, ìdúró yẹn gan-an ló sì ń dùn mọ́ wa.

Ọjọ́ tó yẹ kí Sábítíyù ka èyí tó kù fún wa ni bàbá mi yọ sí wa. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Ṣèfíátù, ó ní ta ló ni ín.  Ó wá yíjú sí èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo na ọwọ́ sí Sábítíyù. Bàbá mi fa ìwé náà ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lójú wa, kí oṣù yẹn sì tó parí, wọ́n ti mú Sábítíyù lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Mi ò fojú kàn án mọ́. Mi ò sì mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn dé ibùdókọ̀.

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Ohun tó mú mi rántí Sábítíyù ni ọ̀rọ̀ ọmọ mi Sìdíkátù, tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Sandgrouse, tí Ọlọ́run gbà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn Iléyá tó kọjá. Oṣù mẹ́ta ló fi dùbúlẹ̀. Mùínátù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti wà ní yunifásítì, ló ń jókòó tì í. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ìyá àti ọmọ ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá, irú ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu Sìdíkátù látìgbà tí àìsàn ti dè é mọ́lẹ̀. Mo wọlé, wọ́n sáré ti nǹkan kan bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Mo ní kí ni wọ́n ń fi pamọ́ fún mi.

Mùínátù ní máńgà ni, ìwé àwòrán tí àwọn ará Jàpáànù máa ń yà. Ó ti ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ní Apọ́ngbọ̀n, torí iná fóònù ń ta ìyá rẹ̀ lójú. Ìyá rẹ̀ ò sì gbọ́ òyìnbó púpọ̀, ló bá fi bírò kọ Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀, bí i ti ìwé tiwa láyé àtijọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á bọ̀ wá sí òsì, bí i kéú. Èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́rin, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ mi.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì kan ló ń fẹ́ràn ara wọn nínú ìtàn náà. Ọ̀kan ń ṣe búrẹ́dì, èkejì ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e kiri fún àwọn oníbàárà. Nígbà tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo dìde. Sìdíkátù ní, "Màámi, ẹ jókòó náà, ẹ jẹ́ kí oníbúrẹ́dì yìí fọwọ́ kan ọwọ́ ẹnìkejì ẹ̀ ná. Láti Mọ́ńdè la ti ń retí ẹ̀." Mo jókòó, mi ò sì dìde mọ́.

Mo bi wọ́n pé kí ló dùn níbẹ̀. Mùínátù ní ìdúró yẹn ni, kí ẹnìkan fẹ́ràn ẹnìkan kó má lè sọ ọ́, kó kàn máa tọ́jú búrẹ́dì tó gbóná jù pamọ́ fún un. Ó ní nínú àwọn ìwé ìfẹ́ tó kù, gbogbo ènìyàn ló ń dá ọmọbìnrin inú wọn lẹ́jọ́, pé ó sanra, pé kò mọ oúnjẹ sè, á sì máa ṣe òun bíi pé òun ni wọ́n ń bá wí. Níbí, òun lè jókòó wo ìfẹ́ kí ẹnikẹ́ni má wo òun. Sìdíkátù rọra fèsì ní tirẹ̀. Ó ní, "Màámi, ọkùnrin tó ń bi ẹnìkejì ẹ̀ pé ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni mo ń wò. Mi ò rí i rí, àfi níbí." Bàbá Mùínátù, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ mi ń sọ yé mi. Bàbá tèmi náà ò bi ìyá mi rí.

Báyìí la ṣe ń kà á lójoojúmọ́ títí ó fi ku ìwé kan ṣoṣo. Nínú èyí tí a kà gbẹ̀yìn, oníkẹ̀kẹ́ ti wọ ọkọ̀ ojú irin kúrò nílùú, oníbúrẹ́dì wà níbi tó ti ń retí rẹ̀. Sìdíkátù kú láìmọ̀ bóyá ó padà wá.

Kàmọ́rù ni ẹ̀gbọ́n Sìdíkátù, àkọ́bí mi, Ìkòròdú ló ń gbé. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un nínú àwọn tó wá kí wa, àmọ́ kí a tó ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó ti gbọ́. Ó wá bá mi lórí ẹní. Ó ní tí òun bá rí ìwé ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin nínú ẹrù àbúrò òun, òun máa dáná sun ún, Mùínátù á sì máa bá òun lọ sí Ìkòròdú, torí pé mo ti gbà á láyè jù. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí. Mùínátù nìkan ló ṣẹ́ kù tí mo ń gbóhùn rẹ̀ nínú ilé.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa pín ẹrù yàrá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ àṣà agboolé wa. Àgbàlá ni wọ́n máa ń kó ẹrù olóògbé jáde sí. Ìyá rẹ̀, tó bá ṣì wà láyé, ló máa kọ́kọ́ mú, ohun kan péré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú èyí tó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ẹbí kí wọ́n tó pín in. Ohun tí ìyá bá ti gbé ọwọ́ lé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tú u.

Èmi àti Mùínátù wá ṣe àṣìṣe. A wé àwọn ìwé náà sínú ọ̀rá, a kì wọ́n sí ìsàlẹ̀ garawa tí Sìdíkátù fi ń kó ẹ̀wà, a da ẹ̀wà bò wọ́n, torí a rò pé ẹrù ọjà kì í bá ẹrù yàrá jáde. Ilẹ̀ mọ́, mo rí i tí wọ́n gbé garawa náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpótí. Kàmọ́rù ló ní kí wọ́n má fi nǹkan kan sílẹ̀. Mo wo Mùínátù, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú.

Yẹtí wúrà tí mo fún Sìdíkátù nígbà tó ń lọ sílé ọkọ wà níwájú mi lórí ẹní. Ìyá mi ló fún èmi náà. Gbogbo ẹbí mọ̀ pé òun ni mo máa mú, àbúrò mi Ṣáfúrátù tiẹ̀ ti ń sún un sọ́dọ̀ mi. Mo dìde, mo rìn kọjá lára yẹtí, mo gbé ọwọ́ lé garawa ẹ̀wà.

Ṣáfúrátù ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ebi ló ń pa yín ni? Ẹ mú wúrà yín o jàre, a máa se ẹ̀wà fún yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kàmọ́rù ò rẹ́rìn-ín. Ó wo Mùínátù, ó wo garawa, ó sì dìde wá. Mo jókòó lé ìdérí garawa náà.

"Màámi, ṣé ẹ̀wà nìkan ló wà níbẹ̀?"

Mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi. Òun náà ni mo nà sí Sábítíyù. Ó rọrùn kí n ní ẹ̀wà nìkan ni, ó sì rọrùn kí n kàn yí ojú sí ibi tí Mùínátù wà.

"Ohun tí àbúrò rẹ ń rẹ́rìn-ín sí kó tó kú ló wà níbẹ̀," ni mo wí. "Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Tí o bá fẹ́ tú u, wá gbé mi kúrò."

 Kàmọ́rù dúró lé mi lórí, ọmọ tí mo bí, ó ga ju bàbá mi lọ. Mò ń gbọ́ tí ìdérí ń dún lábẹ́ mi. 

"Sìdí rẹ́rìn-ín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lójoojúmọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní kí wọ́n ṣí àpótí àkọ́kọ́.

Ṣáfúrátù ló mú yẹtí náà. Ó fi í sétí wá kí mi ní Jímọ̀ tó kọjá, ó sì dùn mí nígbà tí mo rí i. Kàmọ́rù ò fara mọ́ ohun tí mo ṣe, kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Mùínátù wà lọ́dọ̀ mi. Òun ló da ẹ̀wà sínú abọ́, tó yọ ìwé tó gbẹ̀yìn. Ó ní òun ò lè kà á, ohùn òun ò ní í gbé e. Mo ní kó gbé e wá. Mo fi ìka tẹ̀ lé Yorùbá tó kọ fún ìyá rẹ̀, láti àwòrán ọ̀tún sí ti òsì, mo sì ń kà á sókè díẹ̀díẹ̀.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tiwa, ìwé kan ni ọmọ márùn-ún ń dì mọ́, tí wọ́n bá ti ya á, ó parí nìyẹn. Lónìí, ìtàn ń ti Jàpáànù wọ inú àtẹ́lẹwọ́ yín. Síbẹ̀, ọmọbìnrin ṣì ń wá kọ̀rọ̀ tó máa ti ka ìfẹ́, ẹnìkan sì tún ń bọ̀ tó máa béèrè pé ta ló ni ín. Tí Sábítíyù bá ṣì wà láyé, tí ẹ bá pàdé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo na ọwọ́ níjọ́ yẹn, kó forí jì mí. Ẹ sọ fún un pé oníkẹ̀kẹ́ padà wá. Mo kà á dé ìparí.