Máa Kí Wọn Bí O Ti Ń Sáré

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ bàtà, kò sí ẹni tó ń sáré lásán ní ìlú wa. Bí o bá rí àgbàlagbà tó ń sáré, ohun tó ń lé e ni wàá kọ́kọ́ béèrè. Àwa ọmọdé là ń sá kiri, àwa náà kì í sì í jìnnà, nítorí pé orí òkè ni ìlú wa wà, ní apá Èkìtì. Bí o bá sáré sọ̀kalẹ̀, ìwọ náà lo máa gun òkè padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ fojú inú wo ọ̀nà pupa kan tó gba àárín oko kòkó kọjá títí dé afárá odò. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀ bí a ṣe jókòó sí ilé ìdáná wọn ní Dagenham, ní ìlú òyìnbó níbí, torí èmi ò mọ̀wé. Mi ò dé ẹnu ọ̀nà iléèwé rí, àfi tí mo bá gbé oúnjẹ lọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Òun ni wọ́n rán lọ sí iléèwé, èmi ni wọ́n fi ran ìyá wa lọ́wọ́ ní oko. Mi ò jowú rẹ̀ o. Orí ẹní kan náà la jọ ń sùn, ó sì máa ń ka ohun tó kọ́ lójúmọ́ sí mi létí títí oorun á fi gbé mi lọ. Ó fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mò ń wí yìí, bàbá wa ti sọ pé ìwé obìnrin ti tó. Ìdílé kan ti wá tọrọ rẹ̀ fún ọmọ wọn, bàbá wa kò sì tíì dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n kò lé wọn padà.

Ìgbà náà ni olùkọ́ wọn wá sọ pé ìyá òyìnbó kan tó ń darí iléèwé àwọn ọmọbìnrin ní ìlú ńlá ń bọ̀ wá wo eré ìje. Ọmọbìnrin tó bá ṣáájú nínú eré ọ̀nà jíjìn, láti pápá iléèwé dé afárá odò àti àbọ̀, òun ni ìyá náà máa mú lọ sí iléèwé rẹ̀, òbí kò ní san nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé. Bàbá wa jẹun tán kó tó dáhùn. Ó ní, "Bí o bá ṣáájú, máa lọ. Bí o kò bá ṣáájú, n ó dá àwọn èèyàn yẹn lóhùn." Ó parí.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ gbìyànjú eré náà, ó ta bí ewúrẹ́ tó já okùn. Kò tíì dé ìdí ìrókò tó wà lẹ́yìn ọjà tó fi dùbúlẹ̀ sínú koríko, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi ń fi ìró mi fẹ́ ẹ.

Bàbá arúgbó kan ń kọjá, ẹni tí ilé rẹ̀ fara ti tiwa. Kí mọ́tò tó mọ ọ̀nà wa, òun ló máa ń fi ẹsẹ̀ gbé àpò lẹ́tà láti ìlú wa dé ìlú kejì, dé ìlú kẹta, nínú òjò, nínú ọyẹ́. Mọ́tò ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n Ońlẹ́tà ni gbogbo ìlú ń pè é títí tó fi kú. Ó dúró, ó wo ẹ̀gbọ́n mi nílẹ̀.

"Adìyẹ ta lo jí?"

"Bàbá, n ò jí adìyẹ o. Eré ìje ni mò ń múra rẹ̀."

"Olè adìyẹ ló ń sáré báyẹn. Ẹni tó fẹ́ dé ibìkan kì í sáré bẹ́ẹ̀. Dìde, bọ́ sọ́nà, ká jọ lọ kí ará odò."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí Ońlẹ́tà fi kọ́ ọ, kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá rí lọ́nà, kó kí i. Kó kí i dáadáa, kó sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ délẹ̀. Bí èémí rẹ̀ kò bá lè gbé ìkíni náà, eré ti pọ̀ jù, kó rọra. Bí ó bá sì jẹ́ àgbàlagbà, kó kan orúnkún kan mọ́lẹ̀, kó dìde, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ó ní bí òun ṣe gbé lẹ́tà fún gbogbo ọdún yẹn nìyẹn, torí bí ońlẹ́tà bá sáré kọjá láì kí èèyàn, wọ́n á rò pé ogun ló ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á kó ọmọ wọn wọ igbó.

Ẹ ó rò pé ìkíni kò ju "ẹ kú àárọ̀" lọ. Rárá o. Nígbà yẹn, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni tirẹ̀. Tí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró, "Àrẹdú o!" Tí a bá rí ẹni tó ń dirun lábẹ́ igi, "Ojú gbooro o!" Adẹ́mu tó wà lókè ọ̀pẹ, wàá gbé ohùn sókè kó lè bá a, "Igbà á rọ̀ o!" Ẹni tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ kò lè pe ìyẹn dé òkè ọ̀pẹ.

Níbẹ̀rẹ̀, ìrìn pọ̀ ju eré lọ. Wọ́n á rìn, wọ́n á sáré díẹ̀ bí ẹni tó ń jó, wọ́n á tún rìn. Ó ń bí ẹ̀gbọ́n mi nínú. Àwọn ọmọ iléèwé mìíràn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, "Ìyàwó Ońlẹ́tà! Ẹ fún un ní ọ̀pá!" Àwọn ń sáré àsápajúdé yípo pápá, lọ́jọ́ kejì ara á máa ro wọ́n, wọn ò ní sá mọ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ń lọ lójoojúmọ́. Bí ó bá jí tí ara rẹ̀ yá gágá, tó fẹ́ lọ jìnnà, Ońlẹ́tà á ní kó padà níbi tó ti padà lánàá. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n á lọ, kò kàn ní jìnnà. Ó máa ń sọ pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ẹ̀gbọ́n mi á sì yí ojú.

Èmi ń tẹ̀ lé wọn nígbà yẹn. Kò pẹ́ tí Ońlẹ́tà ò lè bá a lọ mọ́, òun á jókòó sídìí ìrókò dè é. Kò pẹ́ sí i témi náà ò lè bá a mọ́. Ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́ níwájú, láàárín oko kòkó: "Àrẹdú o!" Lẹ́yìn náà, lókèèrè, "Igbà á rọ̀ o!" Ohùn náà kò já, kò gbọ̀n, bí ohùn ẹni tó jókòó sílé. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó ń sáré dé afárá, ó ń gun òkè bọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata láì kọ́kọ́ jókòó. Èmi tí mo rí i ni mò ń sọ fún yín. Kò sí ọmọbìnrin tó lè bá a ní gbogbo àgbègbè náà.

Ọjọ́ eré ìje pé. Ìyá òyìnbó náà jókòó sí abẹ́ ìbòòji pẹ̀lú fìlà ńlá lórí. Ìlú jáde, wọ́n to ara wọn sẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n fọn fèrè, àwọn ọmọbìnrin sì ta bí ẹni pé ilé ń jó. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ońlẹ́tà ń jẹ obì tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n máa fi padà láti afárá, eré olè adìyẹ ti tán lẹ́sẹ̀ àwọn tó kù. Wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ gun òkè. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ yọ. Òun nìkan ló wà lójú ọ̀nà, ẹni tó tẹ̀ lé e ṣì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi sì ń bọ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. Mo ti ń rò ó pé ta ló máa máa kàwé sí mi létí bó bá lọ.

Ìyá bàbá wa wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó ti gbó gan-an. Ó gbọ́ pé ọmọ òun ń kọjá, ó fẹ́ rí i, ó fi ọ̀pá rìn wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ eré ìje. Ẹ̀gbọ́n mi rí i. Ẹ̀gbọ́n mi kan orúnkún mọ́lẹ̀, bó ti ń ṣe lójoojúmọ́. "Ẹ kú ìdúró, Màmá."

Ká ní ìyá wa àgbà dáhùn pé "hẹ̀n-ẹ́n," ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti dìde, ì bá ti lọ, kò sí ohun tí ì bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá wa àgbà fọwọ́ lé e lórí, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó kì í ní oríkì tirẹ̀, ó wọ ti bàbá rẹ̀, ó wọ ti baba ńlá rẹ̀, "ọmọ afẹsẹ̀-nu-ìrì, ọmọ olókè tí í kọ́kọ́ rí òòrùn," ó ń bá a lọ. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ń dìde nígbà tí ìyá bàbá rẹ̀ ń kì í lọ́wọ́? Orúnkún kejì kanlẹ̀. Ó tẹrí ba. Mo rí èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń sunkún, mi ò bi í léèrè rí. Ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e dé, ó ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ó kọjá. Kò kí ẹnì kankan.

Nígbà tí oríkì fi máa parí, fèrè ti dún ní pápá.

Wọ́n ṣàlàyé fún ìyá òyìnbó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọmọ dáadáa ni, ó sì mú ẹni tó kọjá yẹn lọ. Bàbá wa kò lè bá ìyá rẹ̀ wí. Ìyá wa àgbà sì kú láì mọ̀, gbogbo wa ló gbà pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un. Ẹ wá wò ó o: ìròyìn ọmọ tó kúnlẹ̀ lójú eré tàn káàkiri ìlú, àwọn tó wá tọrọ rẹ̀ gbọ́, wọ́n ní irú ọmọ tí àwọn ń wá nìyẹn. Kí ọyẹ́ tó lọ, wọ́n ti gbé e níyàwó.

Ońlẹ́tà ni ọ̀rọ̀ náà ká lára jù. Ó wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń dé. Mi ò kọ́ ọ bí a ṣe ń du nǹkan. Lẹ́tà kì í bá ẹnikẹ́ni du ọ̀nà."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ilé ọkọ, ó bímọ, ọmọ rẹ̀ gbogbo ló kàwé. Nígbà tí àwa méjèèjì ti darúgbó, témi ti wà ní ìlú òyìnbó níbí, mo bi í lórí fóònù bóyá ó ń dùn ún. Ó bínú sí mi. Ó ní, "Ṣé kí n kọjá ìyá bàbá mi bí ewúrẹ́ ni?" Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń sáré yẹn lójú oorun, àbúrò mi. Lójú oorun, n kì í kúnlẹ̀." Kó tó di pé mo délé rí i, ó ti lọ.

Ayé ti yí. Èyí tó ń bá mi kọ̀wé yìí, ó ń múra eré ìje ọ̀nà jíjìn. Bó bá ti ibi iṣẹ́ ní Dagenham Dock dé, á wọ bàtà, á sáré lọ sétí odò ní Barking Riverside, á sáré bọ̀. Òun náà ti kọ́kọ́ ṣe olè adìyẹ, orúnkún rẹ̀ wú, mo fi omi gbígbóná jó o fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sọ fún mi pé ohun tí òun ń kì bọ etí, tó ń bá òun sọ̀rọ̀ láti inú fóònù, ló ní kí òun máa rọra sá, kí òun má sá ju ibi tí òun ṣì ti lè sọ̀rọ̀ lọ, kó sì jẹ́ ojoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lọ́nà?" Ó ní, "Màmá, kò sí ẹnì kankan o. Mo kàn máa ń ka orúkọ àwọn òpópónà síta ni." Òótọ́ ni. Èmi náà kí ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀ rí, ẹ̀yìn ló wò, ó rò pé ẹlòmíràn ni mò ń kí.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, mo ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Becontree Heath, sùtánà funfun wà lọ́rùn mi. Mo rí ọmọ ọmọ mi yìí tó ń sáré bọ̀. Gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Èémí rẹ̀ kò já. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni mo rí nínú rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là, oríkì ń jáde. Ohun tó wà létí rẹ̀ kò jẹ́ kó gbọ́. Ó kọjá mi, afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ fẹ́ etí aṣọ mi, ó sì lọ. Mo dúró síbẹ̀, mi ò rí bọ́ọ̀sì nígbà tó dé.

Ó ti dáwọ́ títẹ̀ dúró báyìí. Ó ní, "Há, Màmá! Ẹ wà níbẹ̀? Ẹ má bínú. N ó máa yọ ọ́ létí tí mo bá ti dé ibẹ̀."

Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ lásán, yọ ọ́ létí, ọmọ mi, kí o kí mi, torí ó dùn mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìje, n ó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Bí o bá rí i tí ẹnu mi ń mì, má kúnlẹ̀ o. Máa lọ. Èmi á parí oríkì náà lẹ́yìn rẹ. Ní ìgbà tiwa, kò sí ẹni tó mọ̀ pé a lè ki ọmọ bó ti ń lọ. Ká ní wọ́n mọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn yìí.